Bí A Ṣe Ń Tún Ọkọ̀ Ìjàpá Olùkọ́ Wa Ṣe

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn tí ó kàwé ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí láàárín ọdún 1976 sí 1990 ni yóò rántí ọkọ̀ Volkswagen kékeré kan, aláwọ̀ ìyeyè, tí ó máa ń dúró lábẹ́ igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá àwọn olùkọ́. Olùkọ́ tí ó kọ́ wa ní ìṣirò ni ó ni ín. Bàbá ti lọ sinmi lọ́dọ̀ Ẹlẹ́dàá rẹ̀, ọkọ̀ náà sì wà lẹ́yìn ilé wọn lábẹ́ igi máńgòrò fún ọdún 22 láìsí ẹni tí ó wà á. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, àwa méje tí a jọ ṣe ìdánwò àṣejáde lọ́dún kan náà lọ bá Màmá, aya olùkọ́ wa, a sì tọrọ ààyè láti tún un ṣe. Màmá gbà. Láti ìgbà náà ni ìbéèrè ti ń rọ́ lù wá ní gbogbo ìpàdé ẹgbẹ́. Kí ni ẹ fẹ́ fi ògbólógbòó irin ṣe? Èló ni ẹ ti ná? Kí ló dé tí ẹ kò tíì parí rẹ̀? Àwọn olóòtú ìwé ayẹyẹ yìí wá ní kí á kọ àlàyé iṣẹ́ náà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí gbogbo ènìyàn lè rí i kà.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ sọ irú ọkọ̀ tí ó jẹ́, nítorí àwọn ọmọ wa tí ń ka ìwé yìí lè má tíì rí ọ̀kan rí lójú títì. Ferdinand Porsche ni ó ṣe ètò rẹ̀ ní Jámánì ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, ibi ẹrù wà níwájú, òkè rẹ̀ sì rí roboto bí igbá ẹ̀yìn ahun. Ìdí nìyí tí àwọn ènìyàn wa fi sọ ọ́ ní Ìjàpá. Ní ọjọ́ 17 oṣù kejì ọdún 1972, èyí tí ó pé 15,007,034 jáde, ó sì fi bẹ́ẹ̀ kọjá Ford Model T tí ó ti wà níwájú láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tí wọ́n fi máa ṣe èyí tí ó kẹ́yìn ní Puebla, ní orílẹ̀-èdè Mẹ́síkò, ní oṣù keje ọdún 2003, iye rẹ̀ ti lé ní mílíọ̀nù 21.

Ní ti Nàìjíríà, ilé-iṣẹ́ tí ń to Ìjàpá pọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Badagry, ní oṣù kẹta ọdún 1975. Owó Udoji ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn kálẹ̀ nílùú nígbà náà, olùkọ́ tí ó bá sì rí owó yá láti fi ra ọkọ̀, Ìjàpá ni ojú rẹ̀ sábà máa ń lọ sí. Bàbá ra tirẹ̀ ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Kò ní rádíétọ̀, kò sì ń béèrè omi. Afẹ́fẹ́ ni ó ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lára. Fún ẹni tí ń rin ọ̀nà eléruku láti abúlé dé abúlé lọ wá àwọn òbí tí kò tíì san owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ wọn, èyí kì í ṣe ohun kékeré.

Ìpẹtà ni ọ̀tá tí a bá níbẹ̀. Àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa pè é ní ìpáàrà nínú ìwé Mátíù, àwọn àgbẹ̀ a sì máa wí pé àdá dógùn-ún. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ. Bí omi bá kan irin, tí afẹ́fẹ́ sì wà níbẹ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò dà pọ̀ di ohun mìíràn, ìyẹ̀fun pupa rẹ́súrẹ́sú tí kò ní agbára irin mọ́. Àyè tí ìyẹ̀fun yìí ń gbà pọ̀ ju àyè tí irin náà gbà tẹ́lẹ̀ lọ. Nítorí náà ni ọ̀dà ara ọkọ̀ fi ń wú bí awọ ara tí iná jó. Bí ó bá sì bẹ́, omi ti rí ẹnu ọ̀nà tuntun. Alumíníọ̀mù pàápàá ń bá afẹ́fẹ́ dà pọ̀, ṣùgbọ́n èépá tirẹ̀ a lẹ̀ mọ́ ọn lára, a sì di ààbò fún un. Èépá irin kì í dúró. Yóò ṣí kúrò, yóò fi irin tuntun hàn fún omi, èyí náà yóò sì jẹ. Iyọ̀ a máa mú un yára, àwọn tí wọ́n ń gbé etí òkun ní Èkó lè jẹ́rìí sí i. Síǹkì tí a fi bo páànù òrùlé ni kì í jẹ́ kí irin inú rẹ̀ tètè jẹrà, nítorí síǹkì ni omi àti afẹ́fẹ́ yóò kọ́kọ́ jẹ tán.

Ní ti ọkọ̀ Bàbá, ewé máńgòrò ni ó ṣe iṣẹ́ ibi jù lọ. Ewé a jábọ́ sí àárín irin tí ó bo táyà àti ara ọkọ̀, yóò jẹrà níbẹ̀, yóò di ilẹ̀dú, ilẹ̀dú náà yóò sì gba omi òjò oṣù kẹfà dúró títí di oṣù kọkànlá. Òjò tí ó rọ̀ tí ó sì gbẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ pa ọkọ̀. Omi tí kò rí ibi gbà jáde ni ó ń pa á. Láti inú ni ìpẹtà sì ti sábà ń wá sóde, èyí tí àwọn tí ń ra ọkọ̀ àlòkù kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀: ihò tí ó tó owó kọ́bọ̀ lóde lè tó àwo ọbẹ̀ nínú.

Kí á tó fọwọ́ kan ohunkóhun, a yẹ ọkọ̀ náà wò láti òkè délẹ̀. Irin tí ó yè, bí a bá fi hámà kékeré kàn án, a dún gooro. Èyí tí ó ti jẹrà a dún bí ìgbà tí a gbá páálí. Ọ̀kan nínú wa, tí àrùn gílákómà ti gba ojú rẹ̀ láti ọdún mélòó kan, ni ó ṣe iṣẹ́ yìí fún wa. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ wọ́ abẹ́ ọkọ̀ náà láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó ń kàn án, ó ń gbọ́, àwa sì ń fi ẹfun sàmì síbi tí ó bá dárúkọ. Wákàtí méjì ni ó fi yí i po. Nígbà tí ó parí, ọkọ̀ aláwọ̀ ìyeyè ti di abilà. A fi ìmú sípánà tí wọ́n fi ń tú ìdè gún àwọn ojú àmì wọ̀nyí lẹ́yìn náà, ó sì wọlé níbi gbogbo, àfi ibi méjì péré.

Òòfà ni ohun èlò kejì, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Òòfà a máa lẹ̀ mọ́ irin, kì í lẹ̀ mọ́ pọ́tì. Nígbà tí a gbé e sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn ọ̀tún, ṣe ni ó já bọ́ sílẹ̀. A họ ibẹ̀ wò, a sì bá pọ́tì tí ó nípọn bí ìka ọwọ́. Ìwé ìròyìn tí wọ́n ká, tí wọ́n sì fi dí ihò, ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí ó ṣe é láti ọdún pípẹ́ wọ̀nyẹn, a kò mọ̀ ọ́n, a kò sì wá a. Pọ́tì fúnra rẹ̀ kò ṣẹ̀. A ṣe é láti fi dí àbùkù tí kò jìn ju mìlímítà mẹ́ta lọ lórí irin tí ó yè. Ṣùgbọ́n pọ́tì a máa fa omi mu. Bí a bá fi í bo ìpẹtà, ṣe ni a dì í mọ́ inú ilé pẹ̀lú oúnjẹ rẹ̀. Ọkọ̀ náà yóò dán fún ọdún kan, bóyá méjì. Ẹni tí ó fẹ́ tà á lè fara mọ́ ìyẹn. Àwa kò fẹ́ ta á.

Ibi tí iṣẹ́ gbé le jù lọ ni a fẹ́ ṣàlàyé dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ Ìjàpá ti ń kú lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́. Lábẹ́ ilẹ̀kùn méjèèjì, láti iwájú lọ sí ẹ̀yìn, ọ̀nà irin kan wà tí inú rẹ̀ ṣófo bí ọ̀pá oparun. Ní ìlú òtútù, afẹ́fẹ́ gbígbóná ń gba inú rẹ̀ wá láti ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì sí ẹsẹ̀ awakọ̀ àti sí ojú gíláàsì. Ta ni ń wá ooru kún ooru ní ilẹ̀ wa ní oṣù kẹta? Nítorí náà ni àwọn oníṣẹ́ kan fi gbà pé kò wúlò. Bí ó bá jẹrà, wọn a gé e sọnù, wọn a fi páànù pẹlẹbẹ bo ojú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ọ̀nà ooru yìí ni ìtí igi tí ó gbé gbogbo ilé náà dúró. Inú rẹ̀ ni bóòtù tí ó so ara ọkọ̀ mọ́ ilẹ̀ rẹ̀ ń gbà kọjá. Bí ó bá lọ, ọkọ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ láàárín. Bí ẹ bá rí Ìjàpá tí ẹni tí ó ni ín ní láti fi ọwọ́ gbé ilẹ̀kùn sókè kí ó tó lè tì í, ẹ má wo ìdè ilẹ̀kùn. Abẹ́ ọkọ̀ ni kí ẹ wò.

Méjèèjì ni ó ti jẹrà lára tiwa. Ilẹ̀ ọkọ̀ náà kò sàn jù wọ́n lọ, pàápàá lẹ́yìn lápá ọ̀tún, nítorí abẹ́ àga ẹ̀yìn níbẹ̀ ni bátìrì Ìjàpá ń gbé, ásíìdì tí ó bá sì kán sílẹ̀ a máa jẹ irin kíákíá ju omi òjò lọ. Ẹni tí ó jókòó sẹ́yìn lè rí koríko lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. (Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ní Ìjàpá nílé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi rọ́bà bo orí bátìrì yín. Bí ẹni tí ó sanra bá jókòó lé e, sípíríìnì àga lè kan orí bátìrì méjèèjì pọ̀, àga a sì gbiná.)

Ètò iṣẹ́ ibẹ̀ nìyí. Kí á tó gé ohunkóhun, wẹ́dà jó ọ̀pá irin dábùú ẹnu ọ̀nà ilẹ̀kùn méjèèjì, kí ara ọkọ̀ má baà ká bọ̀ bí ilé tí a yọ òpó rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni a tú àwọn bóòtù tí ó yí ilẹ̀ ọkọ̀ po. Èyí tí ó ti gan, a fi ọ́ìlì rin ín fún ọjọ́ mẹ́ta. Èyí tí ó kọ̀ síbẹ̀, a fi ayùn gé e. Ohun kan tí ó dára nínú Ìjàpá ni pé ara rẹ̀ ṣeé gbé kúrò lórí ilẹ̀ rẹ̀ pátápátá, bí ìgbà tí a gbé ọmọrí kúrò lórí ìkòkò. Orúnkún àwa méjèèje kò gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́, nítorí náà a pe àwọn ọ̀dọ́ ìjọ mẹ́jọ. Wọ́n gbé e láìlàágùn, wọ́n sì ń bi wá bóyá ó tán.

Ilẹ̀ tuntun tí wẹ́dà wa kọ́kọ́ gé jẹ́ páànù pẹlẹbẹ tí ó nípọn tó mìlímítà kan. A dá a padà fún un pé kí ó tẹ ilà sí i lára, bí irú èyí tí ó wà lára ti àtijọ́. Ó rò pé ọ̀ṣọ́ ni à ń wá. Ìlà wọ̀nyẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ rárá. Ẹ wo páànù òrùlé ilé yín: bí kò bá sí gẹrẹgẹrẹ ara rẹ̀, ọmọdé kan tí ó bá gùn ún yóò tẹ̀ ẹ́ wọlé. Irin tí a tẹ ilà sí lára a máa le ju ti pẹlẹbẹ lọ, láìfi ìwọ̀n kún ìwọ̀n rẹ̀. Wẹ́dà náà gbọ́, ó lọ ká a lórí igi, ó sì mú un wá bí ó ti yẹ. Ọmọ ọdún 24 ni, ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ó sì máa ń béèrè ìdí ohun gbogbo. A fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ìyẹn.

Irin ọkọ̀ kò nípọn, iná sì lè lu ú já. Bí wẹ́dà bá fa iná láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì lẹ́ẹ̀kan náà, ooru yóò mú kí páànù náà lọ́. Ṣe ni a máa ń jó o ní ẹ̀kán ẹ̀kán: ẹ̀kán kan níhìn-ín, òmíràn lápá ọ̀hún, a dúró kí ó tutù, a tún padà, títí gbogbo ẹ̀kán yóò fi kan ara wọn. Ẹsẹ̀ bàtà kan lè gba gbogbo ọ̀sán. Bẹ́ẹ̀ ni irin tí a ti fá mọ́ kò ṣeé fi sílẹ̀ sùn nígbà òjò. Èyí tí a fá ní ọ̀sán oṣù keje, bí a kò bá kùn ún kí ilẹ̀ tó ṣú, yóò ti pọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Nítorí náà, ìwọ̀nba tí a lè kùn lójúmọ́ ni à ń fá, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni iṣẹ́ sì ń yá. Àwọn nǹkan kéékèèké bí nọ́ọ̀tì àti ìdè ilẹ̀kùn, inú omi ọsàn wẹ́wẹ́ ni a rì wọ́n sí mọ́jú, wọ́n sì mọ́ tónítóní. Ohun tí àwọn ìyá wa fi ń fọ ọwọ́ lẹ́yìn ẹja ní agbára ju bí a ti rò lọ.

Ẹ́ńjìnnì kò fún wa ní wàhálà tó bí àwọn ènìyàn ṣe lérò. Bóòtù mẹ́rin ni ó so ó mọ́ jíà. Bí a bá ti tú àwọn wáyà àti ọ̀nà epo, jáàkì ni a fi ń gbé e sọ̀kalẹ̀. Ó ti gan. A kò fi bátìrì fipá yí i: a yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a da ọ́ìlì díẹ̀ sínú ihò kọ̀ọ̀kan, a fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, a sì fi sípánà yí i díẹ̀díẹ̀, síwájú, sẹ́yìn, títí ó fi gbà. Ọ́ìlì rẹ̀ kò ju lítà 2.5 lọ, asẹ́ onírin kékeré nìkan ni ó sì ń sẹ́ ẹ, nítorí náà ẹni tí ó ní Ìjàpá kò gbọdọ̀ jáfara nípa pípàrọ̀ ọ́ìlì. Bẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn náà ń kọ́? Òun ni ó ń yí ohun tí ń fún bátìrì ní iná, òun kan náà ni ó sì ń yí fáànù tí ń tu ẹ́ńjìnnì lára. Bí ó bá já, iná pupa yóò tàn níwájú awakọ̀. Ọ̀pọ̀ ti rò pé ọ̀rọ̀ bátìrì lásán ni, wọ́n sì wà á délé. Ẹ́ńjìnnì ti jóná kí wọ́n tó débẹ̀.

A fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ tí ń kọ́ iṣẹ́ ọkọ̀ fetí sí ọ̀rọ̀ táǹkì epo. Iwájú ni táǹkì Ìjàpá wà, nítòsí orúnkún awakọ̀. Táǹkì tí ó ṣófo léwu fún wẹ́dà ju èyí tí ó kún lọ, nítorí òórùn epo tí ó kù nínú rẹ̀, tí ó ti bá afẹ́fẹ́ pàdé, ni ó ń bú gbàmù. A yọ tiwa kúrò kí ẹnikẹ́ni tó tan iná, a sì gbé e lọ sí òdìkejì ọgbà. Gbogbo rọ́bà tí epo ń gbà kọjá ni a pàrọ̀ pẹ̀lú. Rọ́bà àtijọ́ a máa le, a máa là, epo a sì kán sórí ẹ́ńjìnnì tí ó gbóná. Ìjàpá tí ó jóná lójú ọ̀nà kò níye.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ àwa ọ̀rẹ́. Ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè kan: ti ta ni ọkọ̀ náà? A kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní pé ti Màmá ni, pé owó tí ẹnikẹ́ni bá dá kò sọ ọ́ di oní-ìpín nínú rẹ̀. Olówó kò ju aláìlówó lọ nínú ìpinnu. Ẹni tí ó fẹ̀yìn tì láìrí owó ìfẹ̀yìntì gbà fi ọjọ́ Sátidé rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí ń gbé Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí wọ́n ti ń ta ohun èlò Ìjàpá ní tuntun títí di òní, kó rọ́bà ilẹ̀kùn àti ohun èlò bíréèkì sínú àpótí aṣọ rẹ̀ wá sílé. Àwọn ohun tí ó kù, a rìn kiri Agodi-Gate ní Ìbàdàn àti Ládípọ̀ ní Èkó láti rí wọn. Iye owó wà nínú ìwé akápò. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí i, kí ó wá tòun ti owó ìdá tirẹ̀.

Àríyànjiyàn tí ó fẹ́ tú wa ká kò jẹ mọ́ owó. A ti sọ fún Màmá pé ọkọ̀ ọkọ rẹ̀ ni yóò gbé e wọ ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ ayẹyẹ ọdún yìí. Nígbà tí ó ku oṣù márùn-ún, apá òsì nìkan ni a tíì jó tán. Àwọn mẹ́ta nínú wa wí pé kí á fi pọ́tì dí apá ọ̀tún, kí á kùn ún, kí á gbé Màmá wọlé, kí á sì padà gé e lẹ́yìn ayẹyẹ. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ti ọ̀lẹ. Màmá ti lé ní ọdún 80; ta ni ó mọ iye ayẹyẹ tí ó kù? Àwọn mẹ́rin wí pé a kò lè fi ohun tí a bá lẹ́yìn ìwé ìròyìn ọjọ́sí gbé aya olùkọ́ wa. A jíròrò títí ilẹ̀ fi ṣú, ohùn sì ga. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn kan kò pe ara wọn lórí fóònù.

Bíréèkì ni ó parí ọ̀rọ̀ náà. Omi bíréèkì a máa fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, omi náà a sì máa jẹ ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ń gbà kọjá láti inú, níbi tí ojú kò ti lè tó o. Lóde, ọ̀pá tí ó lọ sí ẹ̀yìn lára ọkọ̀ wa mọ́. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tí ó fẹ́ kí á yára ni ó gbé sípánà lé ìdè rẹ̀ láti tú u, ó sì ṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ bí igi àkàlàmù gbígbẹ. Ó dì í mú fún ìgbà díẹ̀, ó gbé e fún ẹni tí kò ríran nínú wa, ìyẹn náà fi ìka ṣẹ́ ẹ sí wẹ́wẹ́. Kò sí ẹni tí ó tún dárúkọ pọ́tì lọ́jọ́ náà.

Àwa méje ni a lọ sọ fún Màmá. A kúnlẹ̀, a dọ̀bálẹ̀, a ṣàlàyé. Ó gbọ́ títí dé òpin, ó ní kí á dìde. Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, bàbá yín kì í gbé ọmọ ẹlòmíràn sínú ọkọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ kò bá dá a lójú. Ṣé èmi wá ni kí ẹ gbé sínú rẹ̀?” Ó béèrè oṣù tí yóò tó. A sọ pé ó di lẹ́yìn òjò tí ń bọ̀. Ó ní òun yóò dúró dè é bí Ọlọ́run bá fẹ́, bí kò bá sì rí bẹ́ẹ̀, kí á fi gbé àwọn ọmọ-ọmọ òun. Bí a ti ń jáde ni ó tún pè wá padà: “Ẹ má kùn ún ní pupa o. Bàbá yín kò fẹ́ràn ariwo.”

Ọkọ̀ náà yóò wà ní ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ ayẹyẹ, ṣùgbọ́n orí ọkọ̀ akẹ́rù ni yóò gbà wọlé. Ilẹ̀ tuntun ti wà lábẹ́ rẹ̀. Ilẹ̀kùn òsì ń fi ìka kan tì. Ti ọ̀tún ṣì dùbúlẹ̀ lọ́dọ̀ wẹ́dà. Ẹ ó bá a ní àwọ̀ eérú ọ̀dà ìpìlẹ̀, láìsí àga nínú rẹ̀. Ẹ lè wo abẹ́ rẹ̀, a óò gbé e sókè fún ìdí èyí, wẹ́dà wa yóò sì wà níbẹ̀ láti dáhùn ìbéèrè àwọn ọmọ yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gùn ún.

Ohun mẹ́ta ni a ṣì ń wá. Gíláàsì iná ẹ̀yìn ọ̀tún ni àkọ́kọ́, ti Ìjàpá ọdún 1976, bí ó tilẹ̀ sán díẹ̀. Èkejì ni ìdè tí a fi ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì iwájú. Ẹ̀kẹta ni fọ́tò èyíkéyìí, aláwọ̀ ni a fẹ́ jù, tí ọkọ̀ náà bá hàn nínú rẹ̀ lọ́jọ́ àṣejáde tàbí lọ́jọ́ eré ìdárayá, nítorí òòrùn ti ṣá ìyeyè ara rẹ̀ débi pé àwa méje kò fohùn ṣọ̀kan lórí bí ó ṣe rí gan-an. Kí ẹni tí ó bá ní èyíkéyìí nínú wọn mú un wá síbi tábìlì ìforúkọsílẹ̀ ní ọjọ́ ayẹyẹ. A óò ya ẹ̀dà fọ́tò náà níbẹ̀, a óò sì dá a padà fún un lójú ẹsẹ̀.